Ìyẹ́ Tó Kù

Èmi ni mo tú ìyẹ́ ká sínú géèmù yẹn.
Ẹ má bú ẹlòmíràn.

Ní Tampere ni, nínú yàrá kan lókè ilé ìhunṣọ àtijọ́,
oṣù kọkànlá, tí oòrùn ń wọ̀ kí ènìyàn tó jẹun ọ̀sán tán.
A ti ya òkè, a ti ya odò, a ti ya igbó
tí ẹṣin lè sáré nínú rẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́ kó má kan ògiri.
Jarkko ọ̀gá wa wò ó títí,
ó gbé kọfí ẹnu rẹ̀ mì,
ó ní, "Ó dára. Àmọ́ ó ṣófo.
Ẹ wá nǹkan tí wọn yóò máa ṣà."

Bí ẹni ní kí n bu iyọ̀ díẹ̀ sí ọbẹ̀.

Mo fi ọgọ́fà fìtílà sí i.
Ó ní kò tó.
Mo da ọ̀ọ́dúnrún ìkarahun sí etí odò,
mo fi owó idẹ sínú kòkò, kòkò sínú àpótí,
kọ́kọ́rọ́ àpótí sábẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ.
Ó ní a ń bọ̀, a ò tíì dé.
Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ebi ń pa mí, bọ́ọ̀sì ìkẹyìn fẹ́ lọ,
mo la ọwọ́ mi bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ:
ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ìyẹ́ òwìwí.
Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo.
Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin eku ni mo tú sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ,
mo wọ kóòtù mi, mo gba ilé lọ.

Ẹ wo bí ayé náà ṣe wá rí:
bàbá arúgbó kan ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ilé rẹ̀ ń jó,
ẹlẹ́ṣin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
òrùlé tó ń jó ló tẹjú mọ́,
nítorí nǹkan kan ń kọ mànàmànà níbẹ̀.
Ọmọ ọba tí wọ́n jí gbé ti di ẹni ìgbàgbé.
Máàpù kún fún àmì bí ara ọmọ tí ìgbóná mú.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni lẹ́tà dé,
lẹ́tà gidi, lórí bébà, pẹ̀lú sítáḿpù.
Hilkka Rautio, Kemijärvi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
tó ń wa ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kúrò lójú títì.
Kò kí mi. Ó ní:
"Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó dín kan ló wà lọ́wọ́ mi.
Mo ti wá èyí tó kù fún oṣù mẹ́rìnlá.
Mo ti gun gbogbo igi. Níbo lẹ fi í sí?"

Mo ṣí iṣẹ́ àtijọ́, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì.
Ó wà níbẹ̀.
Inú àpáta ni, ní àríwá, lẹ́yìn odò kejì,
ó rì sínú òkúta, ibi tí ọwọ́ kankan ò lè dé.
Ọjọ́ Jímọ̀. Bọ́ọ̀sì ìkẹyìn.
Mo sọ fún Jarkko. Ó ní géèmù yẹn ti parí,
èkejì la wà lórí rẹ̀ báyìí,
ẹgbàá ìyẹ́ ló máa wà nínú ìyẹn.

Mo kọ̀wé sí obìnrin náà. Mo tọrọ àforíjì.
Mo ní kó má wá a mọ́.
Mo rò pé yóò bú mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

Oṣù kẹta ni èsì dé:
"Mo mọ àpáta yẹn.
Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago márùn-ún ìdájọ́mọ́,
ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dá ẹṣin dúró sí kí n tó sùn.
Ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan wà nínú rẹ̀."
Ó parí síbẹ̀. Kò tilẹ̀ fọwọ́ sí i.

Títí di àná, mo ti gbé ẹgbẹ̀fà kalẹ̀ nínú èkejì.
Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ rì sínú òkúta.
Jarkko kò mọ̀.
Bóyá oore ni mo ṣe, bóyá ìkà ni,
n kò tíì rí ẹni bi.